Ìgbéyàwó ní Àgbàlá Ìjọ: Ẹran Yíyan àti Gbèsè Tí Kò Yẹ Kí A Jẹ

 

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹwàá, ìkéde ìgbéyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ìjọ wa títí di oṣù kẹta. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun kan ń bá ayọ̀ náà rìn tí a kì í sábà wàásù lé lórí: owó àsè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba owó oṣù olùkọ́ àti ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ránṣọ á jókòó pẹ̀lú bébà kan. Wọn á kọ owó gbọ̀ngàn, owó alásè, owó ohun mímu, owó aga àti owó ìlù. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ bébà, gbèsè ti wọlé, ilé tí wọn kò tíì kó wọ̀ sì ti ní ẹrù lórí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣòro. Mo gbà pé ìjọ tó wà ní ìlú àjò ló yẹ kó dá iná ìgbéyàwó àwọn ọmọ rẹ̀. Kí a ta àtíbàbà sí àgbàlá ìjọ, kí a fi èéfín yan ẹran fúnra wa, kí a se ìrẹsì kan àti ọbẹ̀ kan, kí a pe àwọn tó wà nítòsí, kí ọkọ àti aya sì wọlé wọn láìjẹ ẹnikẹ́ni lówó. Òfin kọ́ ni mo ń ṣe. Èrò tèmi ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Kì í ṣe àṣà àjèjì

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Bábékíù? Ṣé kì í ṣe nǹkan òyìnbó nìyẹn?” Orúkọ náà wá láti òkèèrè lóòótọ́. Àwọn Taíno, ọmọ onílẹ̀ ní àwọn erékùṣù Caribbean, ní ọ̀rọ̀ kan fún àtẹ igi tí wọ́n ń tẹ́ sókè iná. Àwọn ará Spéènì gbọ́ ọ sí “barbacoa”, ibẹ̀ ni ó ti di bábékíù. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò mọ àtẹ tí ọdẹ fi ń yan ẹran ìgbẹ́ nínú ahéré? Ta ni kò tíì fi ẹja yíyan se ọbẹ̀ rí? Àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé náà kò kẹ̀rẹ̀ nídìí iná: súyà, kìlíṣí àti bàlángú jẹ́rìí sí i. Orúkọ ló ṣàjèjì, iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì.

Kò sì ṣàjèjì sí Onítẹ̀bọmi. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1850, ọmọ Georgia ni, ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ìhà ibẹ̀, títí di òní, ẹran tí a fi èéfín yan jẹ́ oúnjẹ ìpàdé ìjọ, oúnjẹ ọjọ́ ìkówójọ, àti oúnjẹ ìgbéyàwó tí a ń ṣe ní ìta gbangba láìsí àṣehàn. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan wà ní Huntsville ní Texas, New Zion Missionary Baptist Church, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ẹran tí àwọn ọmọ ìjọ ń yan tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn wọn. Kí a má sì gbàgbé pé láyé òwò ẹrú, àwọn ènìyàn dúdú tí a kó láti ilẹ̀ wa níhìn-ín àti àwọn ọmọ wọn ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ iná náà. Àwọn ló ń jí lóru, àwọn ló ń fa èéfín símú, àwọn ẹlòmíràn ló sì ń jókòó jẹun. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ ta ló ń jẹ àti ta ló ń fa èéfín, nítorí ó kàn wá.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa tí a wà lájò

Nílé, bí ìgbéyàwó bá dé, ẹbí ló ń dáná. Àwọn obìnrin ilé á kó ìkòkò jáde, àwọn ọkọ wọn á la igi, àwọn ọmọdé á pọn omi. Kò sí ẹni tó ń béèrè iye tí alásè ń gbà. Ní ìlú àjò, ẹbí ò sí nítòsí. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Ewu ojú ọ̀nà lóde òní ń mú kí ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá sọ fún ọmọ wọn pé, “Ẹ máa ṣe é, àdúrà wa ń bẹ pẹ̀lú yín.” Ohun tí a wá ń ṣe ni pé a ń fi owó ra ohun tí ẹbí ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bí owó kò bá sì tó, a ń yá a.

Ìwé Òwe 22:7 ti kìlọ̀ fún wa nípa ipò tí ẹni tó yáwó wà lọ́wọ́ ẹni tó yá a. Pọ́ọ̀lù náà sọ nínú Róòmù 13:8 pé ìfẹ́ nìkan ni gbèsè tó yẹ kó wà láàárín wa. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Mélòó nínú àwọn tọkọtaya tó ń jà nínú ọdún kìíní ni ìjà wọn kì í ṣe ti ìwà bí kò ṣe ti owó àsè tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń yọ nínú owó oṣù wọn? Àlejò ti jẹun lọ, wọn ò tilẹ̀ rántí bóyá ẹran náà dùn. Àwọn méjì tó gbéyàwó ló ṣì ń san án.

Òwe 27:10 sọ ọ̀rọ̀ kan tó dà bí ẹni pé torí àwa ará àjò la fi kọ ọ́: aládùúgbò tó wà nítòsí ṣe é sá bá ju arákùnrin tó wà lókèèrè lọ. Àwọn bàbá wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣòwò dé Jos, Kánò àti Gold Coast mọ òtítọ́ yìí. Wọn kò dúró de ilé kí wọ́n tó dá ìjọ sílẹ̀. Ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ló di ilé fún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sìnkú. Èé ṣe tí a ó fi jẹ́ kí ìgbéyàwó nìkan bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí a ń sanwó fún?

Àwọn tó pọn omi ló mọ̀

Ẹ wo àsè Kánà nínú Jòhánù orí kejì. Wáìnì tán, ìtìjú sì fẹ́ bá ilé ọkọ ìyàwó. Jésù rán àwọn ìránṣẹ́ ní iṣẹ́ tó rọrùn tó sì nira: kí wọ́n pọn omi kún ìkòkò òkúta mẹ́fà. Ní ẹsẹ 9, Jòhánù sọ ohun kan tí a máa ń sáré kọjá. Olórí àsè tọ́ wáìnì náà wò, kò mọ ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n àwọn tó pọn omi mọ̀. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ló rí iṣẹ́ ìyanu. Àwọn tó jókòó sórí àga ọlá kàn jẹ, wọ́n mu, wọ́n lọ ni.

Ẹ tún wo Jòhánù orí 21. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti fi gbogbo òru pẹja, ó ti rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé èbúté, iná èédú ti wà nílẹ̀, ẹja sì wà lórí rẹ̀. Ta ló dáná? Olúwa fúnra rẹ̀ ni, ẹni tó ṣẹ́gun ikú. Bí Olúwa tó jíǹde kò bá ka iná dídá sí iṣẹ́ ẹ̀tẹ́, díákónì wo ló wá ga jù ú lọ?

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kì í ṣe owó nìkan la ó fi jèrè. Ẹran ńlá tí a ń fi èéfín yan máa ń gba wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣọ́nà. Bí àwọn ọkùnrin ìjọ bá jókòó ti iná láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì di àárọ̀ Sátidé, wọn á sọ̀rọ̀, wọn á kọrin, wọn á gbàdúrà fún ilé tuntun náà. Ọkọ ìyàwó á gbọ́ ohun tí a kì í kọ́ni nínú kíláàsì ìmúrasílẹ̀ ìgbéyàwó. Òru kan nídìí iná lè so ọkùnrin mẹ́wàá pọ̀ ju ìpàdé ọdún kan lọ.

Bí a ó bá ṣe é, kí a ṣe é dáadáa

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ yìí kó wá fi ẹran tí kò jinná pa ìjọ lára. Àsè tí a fi owó díẹ̀ ṣe kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àsè tí a fi àìbìkítà ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Bí àlejò bá jẹ́ 120, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan sì máa jẹ ẹran tó tó 150 gíráàmù lẹ́yìn tó bá jinná, kílò 18 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹran ńlá tí a yan pẹ́ máa ń pàdánù bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, nítorí omi àti ọ̀rá á jáde, egungun á sì kúrò. Nítorí náà, ẹ ra bíi kílò 36 ní tútù. Bí ẹ bá fi adìẹ tàbí ẹja àrọ̀ yíyan kún un, ẹ lè dín ẹran màlúù kù. Ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín àti ànàmọ́ òyìnbó tí ilẹ̀ Plateau ń so dáadáa á kún abọ́. Zóbò àti kùnú ò wọ́n, wọn kì í sì í mú ẹnikẹ́ni ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ relé.

Ẹ wá àgbá irin tí kẹ́míkà kò wọ̀ rí, kí a là á sí méjì ní gígùn rẹ̀, kí a dá iná ńlá sínú rẹ̀ lófìfo kí ọ̀dà inú rẹ̀ jó kúrò pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ kan ni iná ń wà, ẹ̀gbẹ́ kejì ni ẹran ń wà. Bí ẹran bá wà ní orí iná gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ á jóná, inú rẹ̀ á sì wà ní tútù. Kí gbígbóná inú àgbá wà láàárín 110 sí 135°C. Igi líle tó gbẹ dáadáa ni kí ẹ lò, bí àyìn, tí àwọn Haúsá ń pè ní marke. Ẹ má ṣe lo pákó tí a ti kùn lọ́dà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju táyà sínú iná bí àwọn kan ti ń ṣe nídìí pọ̀nmọ́. Májèlé ni èéfín rẹ̀.

Màlúù tó ń fi ẹsẹ̀ rìn jìnnà kí ó tó dé ọjà wa kì í lọ́ràá púpọ̀, ẹran rẹ̀ sì le. Nítorí náà, ẹ mú àyà àti èjìká rẹ̀, ibi tí ọ̀rá wà, kí ẹ gbé abọ́ omi sínú àgbá kí ẹran má bàa gbẹ. Iyọ̀ àti ata tó fún un. Bí ẹ bá fẹ́ yájì, ẹ fi sí i ní ìparí, nítorí ẹ̀pà inú rẹ̀ tètè ń jóná.

Ohun kan tí kò yẹ kí a fi ṣahun ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń gún bọ inú ẹran láti mọ bí ó ti gbóná tó. Ojú kò lè rí inú ẹran. Adìẹ gbọ́dọ̀ dé 74°C nínú, pàápàá nítòsí egungun itan. Ẹran màlúù ńlá á tó 90 sí 95°C kí ó tó rọ̀ débi tí ọwọ́ á fi lè ya á. Lẹ́yìn tó bá jinná, ẹ fi fọ́ìlì wé e, ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó, ẹ tẹ́ ẹ sínú kúlà tí a ti fi omi gbígbóná mú gbóná tí a sì ti da omi náà nù. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin kí ó ṣì gbóná. Kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 60°C lọ kí a tó bù ú. Oúnjẹ tí a bá gbé sílẹ̀ lásán kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí méjì. Bí oòrùn bá mú kọjá 32°C, bí ó ti máa ń rí ní Sókótó àti Maiduguri nínú oṣù kẹta, wákàtí kan péré ni. Ẹran tútù sì gbọ́dọ̀ wà nínú yìnyín títí iná á fi ṣetán. Ẹ má ṣe yan ẹran dé ìdajì lónìí kí ẹ wá parí rẹ̀ lọ́la.

Ẹ rántí ọyẹ́ pẹ̀lú. Ní Jos, òru oṣù kejìlá tutù, àgbá tètè ń pàdánù ooru, nítorí náà ẹ pèsè igi kọjá ohun tí ẹ rò. Atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń gbé ẹ̀ta iná rìn jìnnà. Ẹ gbá koríko gbígbẹ kúrò, ẹ gbé àgbá jìnnà sí àtíbàbà, kí ẹ sì gbé garawa omi àti yanrìn sítòsí. Kí àwọn tó fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ dán an wò ní kékeré, bóyá ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè. Ọjọ́ ìgbéyàwó kọ́ ni ọjọ́ ìkọ́ṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí mo fẹ́ràn. Nígbà tí inú ẹran ńlá bá dé nǹkan bí 65 sí 75°C, á dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Wákàtí kan á kọjá, méjì á kọjá, kò ní lọ sókè. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ tó sì ń gbẹ ló ń tù ú, bí òógùn ti ń tu ara wa. Ẹni tí kò mọ̀ á kó igi sí i, iná á ròkè, ẹran á sì bàjẹ́. Ẹni tó mọ̀ á dúró. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo rò pé ó yẹ kí ọkọ ìyàwó wà nídìí iná ní wákàtí yẹn gan-an, nítorí àkókò bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ nínú ilé rẹ̀.

Ta ni yóò dúńbú ẹran?

Ọ̀rọ̀ yìí ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú àwọn ìjọ wa ní Òkè Ọya, kò sì yẹ kí a yẹra fún un. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa jẹ́ Mùsùlùmí. Nínú ìdílé Yorùbá fúnra rẹ̀, Alhaji lè jẹ́ àbúrò bàbá ìyàwó. Bí Kristẹni bá dúńbú ẹran, àwọn kan nínú wọn ò ní jẹ ẹ́. Bí Mùsùlùmí bá dúńbú rẹ̀, àwọn kan nínú wa á ní àwọn ò jẹ.

Èmi rò pé kí a pe aládùúgbò wa kó wá dúńbú rẹ̀. Ẹran tí a ń rà lọ́jà ní Kánò àti Kàdúná láti ọdún yìí wá, ta la rò pé ó ń pa á? A ti ń jẹ ẹ́, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀. Nínú 1 Kọ́ríńtì 10, láti ẹsẹ 25, Pọ́ọ̀lù sọ pé kí a jẹ ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà láìbéèrè nítorí ẹ̀rí ọkàn. Ó tún ní kí a má ṣe fi òmìnira wa di ohun ìkọ̀sẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ẹ̀rí ọkàn arákùnrin kan kò bá gbà á, kí a má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kí a yan adìẹ tí díákónì pa sọ́tọ̀ fún un. Ní ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ará wa ní Plateau fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti pe Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ sinmi lọ́jọ́ yẹn. Àwo kan, ọ̀bẹ kan àti iná kan tí kò ní kọ ẹnikẹ́ni lóminú lè wàásù ju ìwé pélébé tí a ń pín lójú pópó lọ. Níbi tí ìjà ẹ̀sìn ti da ìlú rú rí, aládùúgbò tó bá ti jẹun nínú àgbàlá ìjọ wa á mọ̀ pé kì í ṣe ilé ọ̀tá.

Ta ni yóò fa èéfín?

Mo ní mo máa padà sórí èyí. Bí ohun tí mo ń sọ bá di pé kí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alásè tí à ń sanwó fún, kí a wá dà á lé W.M.U. lórí lọ́fẹ̀ẹ́, mo fara mọ́ ọn kí a sanwó fún alásè. Àwọn ìyá wa ti fa èéfín tó. Ìdí iná òru jẹ́ ti àwọn ọkùnrin: M.M.U., àwọn díákónì, àti àwọn ọmọkùnrin R.A. tí wọ́n dàgbà tó láti gbé igi. Kí àwọn obìnrin tó bá fẹ́ bójú tó ìrẹsì àti ọbẹ̀, kí àwọn ọkùnrin sì tún fọ ìkòkò lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó àti ìyá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi iná lọ́jọ́ náà. Kí olùṣọ́-àgùntàn náà wá jókòó fún wákàtí kan lóru, kó má kàn wá súre lórí ẹran tí àwọn ẹlòmíràn yan.

“Wọ́n á pè wá ní ahun”

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á wo fọ́tò nílé, wọn á ní, “Ṣé abẹ́ igi ni wọ́n ti gbéyàwó ọmọ lágbájá?” Ọ̀rọ̀ náà ń dunni, pàápàá bí ó bá ti ẹnu ẹbí wá. Ṣùgbọ́n ahun ni ẹni tó ní tí kò fún ni. Ẹni tó fi ohun tó ní bọ́ ọgọ́fà ènìyàn, tó sì jí lóru nítorí wọn, kì í ṣe ahun. Ẹ kọ lẹ́tà sílé ṣáájú, ẹ ṣàlàyé fún àwọn òbí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n má ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí òbí kan bá ní agbára láti ṣe àsè ńlá láìyáwó, tó sì fẹ́ ṣe é, kí ó ṣe é, a ó sì bá a yọ̀. Bí àlejò bá sì tó ẹgbẹ̀rún, ẹ pe àwọn tó mọṣẹ́, nítorí àgbá méjì kò lè bọ́ wọn. Kí a má sì jẹ́ kí ẹran yíyan náà di ìfigagbága, kí ìjọ kan má máa fọ́nnu sí èkejì pé èéfín tiwa ló ròkè jù.

Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ ni ti Lúùkù 14:12-14. Olúwa ní bí a bá se àsè, kí a pe àwọn tí kò ní agbára láti san án padà. Ta ni wọ́n nínú ìlú àjò? Opó tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà ìjọ. Mègádì ilé tó dojú kọ wá. Àgùnbánirọ̀ tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú, tó ń jẹ búrẹ́dì lọ́jọ́ Sátidé. Nínú gbọ̀ngàn tí a ti ń gba káàdì lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọn ò lè wọlé. Nínú àgbàlá tí èéfín ẹran ti ń lọ sókè, òórùn rẹ̀ nìkan ti pè wọ́n.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ilé wọn láìsí àjàgà lọ́rùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tijú láti wá bá ìjọ pé, “Ẹ dáná fún wa.” Ẹ̀yin ìjọ, bí wọ́n bá wá, ẹ má fi owó nìkan dá wọn lóhùn. Ẹ gbé igi wá.

Kí Olúwa tó bá wọn dé Kánà bá gbogbo ìgbéyàwó tó ń bọ̀ láàárín wa dé. Kí ó fi àlàáfíà sí ilé wọn, kí ó pa wá mọ́ ní ilẹ̀ tí a ṣe àtìpó sí, kí àgbàlá ìjọ wa má ṣe tutù láé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.